CoS kì í ṣe ọjà: ìwádìí tó yẹ kí ẹ ṣe kí ẹ tó sanwó iṣẹ́ Ìlú Ọba

Ẹ kú ìjókòó o. Físà iṣẹ́ Ìlú Ọba, èyí tí wọ́n ń pè ní Skilled Worker, lọ̀rọ̀ wa lónìí. Mi ò ní sọ bí wọ́n ṣe ń gba páàsípọ́ọ̀tù, mi ò sì ní sọ ti àyẹ̀wò ikọ́ ife. Ẹ ti mọ ìyẹn. Ibi tí a ti máa ń ṣubú ni mo fẹ́ dúró sí.

CoS ni, ìyẹn Certificate of Sponsorship: ẹ̀rí pé agbanisíṣẹ́ kan ní Ìlú Ọba fẹ́ gbà yín síṣẹ́, tó sì dúró fún yín.

Ẹ gbọ́ mi dáadáa. CoS kì í ṣe ìwé tí ẹ máa ká sínú àpò. Nọ́mbà ni. Agbanisíṣẹ́ tí ìjọba fún ní láìsẹ́ńsì láti gba àjèjì síṣẹ́ ló máa wọ orí ẹ̀rọ ìjọba, tó máa kọ orúkọ yín síbẹ̀, irú iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ ṣe, owó yín, ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀, kí nọ́mbà tó jáde. Oṣù mẹ́ta péré lẹ sì ní láti fi béèrè fún físà. Ẹ wá wò ó: orúkọ kan, iṣẹ́ kan, ọ̀gá kan. Báwo lẹnì kan ṣe máa wá ní mẹ́wàá rẹ̀ nílẹ̀ tó ń polówó?

CoS kì í ṣe ọjà. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ: CoS KÌ Í ṢE ỌJÀ! Owó tí ìjọba ń gbà lórí rẹ̀, tí wọ́n gbé sí 525 pọ́ùn ní oṣù Kẹrin 2025, agbanisíṣẹ́ ló ni ín láti san. Èyí tí wọ́n bá ti ṣe láti 31 oṣù Kejìlá 2024, kò gbọdọ̀ gba owó yẹn padà lọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Bó bá gbà á, ó lè pàdánù láìsẹ́ńsì rẹ̀. Owó físà ni tiyín, àti owó ìlera, 1,035 pọ́ùn lọ́dún, àfi bó bá jẹ́ físà àwọn òṣìṣẹ́ ìlera lẹ fẹ́ gbà.

Àpẹẹrẹ kan wà tí mo fẹ́ràn. Ẹ wo bí àwọn bàbá wa ṣe ń fẹ́yàwó. Alárinà wà, òun ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ, tó ń gbé ọ̀rọ̀ bọ̀. Síbẹ̀, ẹbí á ṣèwádìí fúnra wọn: irú ilé wo nìyẹn, àìsàn wo ló wà níbẹ̀, ṣé wọn kì í jẹ gbèsè? Tó bá yá, ojú á mojú, alárinà á yẹ̀bá. Èjẹ́ǹtì tó ní kí ẹ má bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀, alárinà tí kò fẹ́ kí ẹ rójú ìyàwó ni. Kí ló ń fi pamọ́?

Ìwádìí tiwa kò ná yín ní kọ́bọ̀. Ẹ lọ sí gov.uk, ojú òpó ìjọba Ìlú Ọba, ẹ wá "Register of licensed sponsors: workers". Gbogbo agbanisíṣẹ́ tó ní láìsẹ́ńsì ló wà níbẹ̀. Orúkọ kò sí? Ó parí nìyẹn. Ẹ má bá ẹnikẹ́ni jiyàn.

Bí orúkọ bá wà ńkọ́? Háà, ibí gan-an ni! Ibí làwọn èèyàn ti ń fọkàn balẹ̀, "mo ti rí i, ó wà lórí lísìtì," ni wọ́n bá lọ ta ilẹ̀. Pé ó ní láìsẹ́ńsì kò sọ pé ó ní iṣẹ́! Àbúrò mi kan sanwó ní 2023 fún iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, èyí tí gbogbo wa ń pè ní care. Orúkọ ilé iṣẹ́ wà lórí lísìtì, físà jáde, ó wọkọ̀ òfuurufú. Ó débẹ̀, wákàtí mẹ́fà ni wọ́n fún un lọ́sẹ̀ kìíní. Lọ́sẹ̀ kejì, òfo. Nígbà tó yá, ìjọba gba láìsẹ́ńsì ilé iṣẹ́ náà, wọ́n sì kọ̀wé sí i: 60 ọjọ́, kó wá onígbọ̀wọ́ mìíràn tàbí kó máa lọ sílé. Ẹkún tó sun sí mi létí lórí fóònù lọ́jọ́ náà, mi ò tíì gbàgbé rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ tún wọ ojú òpó Companies House, níbi tí ìjọba Ìlú Ọba ti ń forúkọ àwọn ilé iṣẹ́ sílẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Ọdún wo ni wọ́n dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀? Ṣé ó ń fi ìṣirò owó rẹ̀ ránṣẹ́? Lẹ́yìn náà, ẹ fúnra yín wá nọ́mbà fóònù wọn, kì í ṣe èyí tí èjẹ́ǹtì fún yín o, kí ẹ pè wọ́n. Wákàtí mélòó lọ́sẹ̀? Ìlú wo? Ta ni ọ̀gá mi?

Òfin tuntun ńkọ́? Kíákíá. Láti 22 oṣù Keje 2025, iṣẹ́ tó tó ìpele yunifásítì ni wọ́n ń fẹ́ jù, owó ọdún rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ tó 41,700 pọ́ùn fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́. Ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera kan lè dín. Ọjọ́ yẹn kan náà ni wọ́n ti ilẹ̀kùn care mọ́ ẹni tó wà lókè òkun. WỌ́N TI TÌ Í! Ẹni tó bá ń ta CoS care fún ẹni tó jókòó sí Ìbàdàn tàbí Àkúrẹ́, irọ́ ló ń tà.

Ẹni tó bá sì ti wà lọ́hùn-ún, tó fẹ́ pààrọ̀ ọ̀gá: CoS tuntun, físà tuntun. Ẹ má fẹsẹ̀ kan ibi iṣẹ́ tuntun kí ìjọba tó dáhùn.

Ó yá, ẹ ṣí gov.uk báyìí, kí ẹ tẹ orúkọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n sọ fún yín yẹn síbẹ̀. Mo ń dúró dè yín.