Bí Jọ́nà Bá Ti Gba Iṣẹ́ Wa Tán, Ṣé A Ṣì Lè Gbà Á Padà?

Ẹ kú ìjókòó o. Ní ọdún 1936, Albert Einstein àti Nathan Rosen fi àpilẹ̀kọ kan ránṣẹ́ sí Physical Review, ọ̀kan lára àwọn jọ́nà, ìyẹn ìwé tí àwọn onímọ̀ ń gbé ìwádìí wọn jáde nínú rẹ̀. Wọ́n ní àwọn ti ṣírò ó, ìgbì agbára òòfà (gravitational waves) kò sí. Olóòtú, John Tate, gbé iṣẹ́ náà fún onímọ̀ mìíràn kó bá òun yẹ̀ ẹ́ wò, onítọ̀hún sì rí àṣìṣe níbẹ̀. Inú bí Einstein. Òun kò yọ̀ǹda kí wọ́n fi iṣẹ́ òun han ẹlòmíràn kó tó jáde! Ó gba iṣẹ́ rẹ̀, ó di ọ̀dọ̀ jọ́nà mìíràn. Kó tó jáde níbẹ̀ ní 1937, ó ti yí àbájáde rẹ̀ padà, torí aláyẹ̀wò yẹn ló jàre. Ìgbì ọ̀hún náà ni LIGO, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wá irú ìgbì bẹ́ẹ̀, gbá mú ní 2015.

Ẹ má wo ti ìbínú yẹn o. Einstein lẹ́tọ̀ọ́ sí ohun tó ṣe. Iṣẹ́ tí jọ́nà ò tíì gbà, ti ẹni tó kọ ọ́ ni. Ó lè gbà á padà láàárọ̀, kó fi ránṣẹ́ síbòmíràn lálẹ́. Èyí tí wọ́n ti gbà ni mo bá wá sọ́dọ̀ yín lónìí.

Kí lẹ́tà “a ti gba iṣẹ́ yín” tó dé, èèyàn méjì tàbí mẹ́ta ti pa iṣẹ́ tiwọn tì, wọ́n ti kà á láìgba owó. Olóòtú ti wá wọn títí (ẹ bi olóòtú èyíkéyìí, wíwá aláyẹ̀wò le ju kíka iṣẹ́ lọ). Lẹ́yìn lẹ́tà, òǹkọ̀wé á tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn, wọ́n á tún èdè rẹ̀ ṣe, wọ́n á fún iṣẹ́ náà ní DOI, nọ́ńbà tí wọ́n fi ń dá àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ọ̀pọ̀ jọ́nà sì ń gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì láàárín ọjọ́ díẹ̀. Tó bá ti débẹ̀, kì í ṣe gbígbà padà mọ́, kíkó ọ̀rọ̀ jẹ ni: àpilẹ̀kọ á ṣì wà níbẹ̀, ìkéde á sì wà lórí rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má gbára lé e.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti ẹni tó fi iṣẹ́ kan náà ránṣẹ́ sí jọ́nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Tí èyí tó lókìkí jù bá gbà á, á kọ̀wé sí ìkejì pé ìdí pàtàkì kan ló yọjú. Irọ́ ni, olóòtú náà sì mọ̀. Àwọn aláyẹ̀wò kì í pọ̀ nínú ẹ̀ka ìmọ̀ kan. Nígbà míì, ọ̀dọ̀ ẹnì kan náà ni jọ́nà méjèèjì ń gbé iṣẹ́ náà lọ.

Àṣìṣe yàtọ̀. Frances Arnold gba ẹ̀bùn Nobel nínú kẹ́mísírì ní 2018. Iṣẹ́ rẹ̀ kan jáde nínú jọ́nà Science ní 2019, àmọ́ nígbà tí wọ́n tún ìdánwò inú rẹ̀ ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, kò jẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2020, òun fúnra rẹ̀ kéde lórí Twitter pé àwọn ti kó ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ jẹ, pé ọwọ́ òun dí nígbà tí àwọn fi í ránṣẹ́, òun ò sì ṣe ojúṣe òun dáadáa. Ní tèmi, iyì rẹ̀ ò dín rárá. Tí irú rẹ̀ bá hàn sí yín kí iṣẹ́ tó jáde, ẹ sáré gbà á padà.

Ti owó náà wà níbẹ̀. Ní 2020, jọ́nà Nature kéde pé 9,500 yúrò ni òǹkọ̀wé tó bá fẹ́ kí gbogbo ayé ka iṣẹ́ rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ máa san. Mo káàánú ẹni tí irú iye bẹ́ẹ̀ bá já lù lẹ́yìn tí wọ́n gba iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n orí ìkànnì jọ́nà ló yẹ ká ti kọ́kọ́ wo iye owó. Àwọn jọ́nà gbájú-ẹ̀ ní tiwọn lè ní kí ẹ san owó kí wọ́n tó fi iṣẹ́ yín sílẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ gba iṣẹ́ padà, kó kọ lẹ́tà sí olóòtú, kó sọ ìdí rẹ̀ gan-an, kí gbogbo àwọn tí orúkọ wọn wà lórí iṣẹ́ sì fọwọ́ sí i. Kó má fi ránṣẹ́ síbòmíràn kí èsì tó dé. Àwọn olóòtú kan máa ń pẹ́ dáhùn, mo mọ̀. Ẹ tún kọ òmíràn, kí ẹ sì tún dúró.