Wáàsí Jímọ̀: Àdéhùn tí Ànábì Yàkúùbù Gbà Kí Ó Tó Jẹ́ Kí Ọmọ Rìn

Àsàláámù aláékúmù wàráhámọ́túláhì wabàrákátúhù.

Ẹ̀yin ará nínú ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ wa lónìí dá lórí àwọn èjẹ́ǹtì tó ń fi iṣẹ́ òkè òkun tan ọmọ wa lọ tà. Ẹ jẹ́ kí a ṣí Súrà Yúsúfù. Gbogbo wa la mọ bí àwọn èrò ọ̀nà ṣe fa Yúsúfù jáde nínú kànga, tí wọ́n tà á ní owó pọ́ọ́kú, dírhámù tó ṣeé kà lọ́wọ́ (12:20). Ibi tí a kì í sábà dúró sí ni ẹsẹ 64 sí 66. Nígbà tí àwọn ọmọ ní kí bàbá wọn fún àwọn ní Bùnyámínì mú lọ, Ànábì Yàkúùbù bi wọ́n pé: ṣé kí n fọkàn tán yín lórí ẹ̀ bí mo ṣe fọkàn tán yín lórí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ níjọ́sí ni? Ó ní òun ò ní jẹ́ kó bá wọn lọ àfi tí wọ́n bá fi Ọlọ́hun ṣe àdéhùn pé àwọn á dá a padà. Ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni wọ́n o. Ìyàn ń mú, oúnjẹ ni wọ́n fẹ́ lọ rà. Síbẹ̀ ó gba àdéhùn.

Àwa ńkọ́? Ẹni tí a pàdé níbi ìsọmọlórúkọ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn á ní òun ní iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ ní Oman, ní Lebanon tàbí ní Iraq, a ó sì dì ẹrù ọmọ wa lé e lọ́wọ́ pẹ̀lú àdúrà.

Ohun tí wọ́n fi ń mú àwa Mùsùlùmí ni pé ilẹ̀ Lárúbáwá ni. Á lo hijáàbù rẹ̀, á máa gbọ́ ìpè ìrun, bóyá á tiẹ̀ ṣe Úmúrà. Hijáàbù kọ́ ni òfin iṣẹ́. Ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ilẹ̀ yẹn, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní kafala: ìwé ìgbélùú òṣìṣẹ́ so mọ́ orúkọ ọ̀gá. Bí ó bá kúrò nílé ọ̀gá láìgbàṣẹ, wọ́n lè kà á sí ìsáǹsá, kó wá jẹ́ pé ẹni tí wọ́n ń lù ni ọlọ́pàá ń wá. Ọ̀gá ti sanwó fún èjẹ́ǹtì, nítorí náà lójú tirẹ̀, ọjà ló rà. Ní oṣù kẹrin 2020, ẹnì kan ní Lebanon gbé obìnrin ọmọ Nàìjíríà kan sórí Facebook pé òun fẹ́ tà á ní 1,000 dọ́là.

Nínú hádíìsì Abú Huraira tó wà nínú Bukhari, Ọlọ́hun ní èèyàn mẹ́ta ni Òun fúnra Òun máa bá ṣẹjọ́ lọ́jọ́ Àlùkìyáámọ̀: ẹni tó fi orúkọ Òun ṣàdéhùn tó wá dalẹ̀, ẹni tó ta ẹni tí kì í ṣe ẹrú tó sì jẹ owó rẹ̀, àti ẹni tó gba òṣìṣẹ́, tó gba iṣẹ́ pé lọ́wọ́ rẹ̀, tí kò san owó iṣẹ́. Ẹ wò ó dáadáa: èjẹ́ǹtì tó fi Ọlọ́hun búra fún ìyá, tó ta ọmọ, tó tún ń gba owó oṣù rẹ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló kó pọ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni àṣírí. Èjẹ́ǹtì mọ̀ pé Yorùbá kì í kéde ìrìnàjò kí ó tó gúnlẹ̀. Á ní, "Má sọ fẹ́nikẹ́ni, ayé ò dáa." Òmíràn tiẹ̀ máa ń fa Súrà Yúsúfù kan náà yọ, ibi tí bàbá ti ní kí ọmọ má rọ́ àlá rẹ̀ fáwọn ẹ̀gbọ́n. Ó dáa, ṣebí bàbá ló kọ́kọ́ rọ́ ọ fún? Ọmọ tí òbí rẹ̀ àti ẹni méjì nínú jamáà kò mọ ilé tó ń lọ, ẹyọ ẹnì kan ló mọ̀ ọ́n, ẹni náà ló sì ń tà á.

Nítorí náà, ẹ jókòó ti ọmọ kí owó tó jáde. Irú físà wo ni? Bí ó bá jẹ́ físà àbẹ̀wò ni wọ́n fẹ́ fi ṣiṣẹ́, ẹ dá a dúró, torí arúfin ni yóò jẹ́ lọ́hùn-ún láti ọjọ́ kìíní. Ta ni ọ̀gá, níbo ló ń gbé, èló ni owó oṣù, ọjọ́ wo ni ìsinmi? Bí ìwé àdéhùn bá jẹ́ èdè Lárúbáwá nìkan, ẹ wá ẹni tó lè tú u. Mímọ Kùránì kà yàtọ̀ sí mímọ ìwé àdéhùn iṣẹ́ kà, ọ̀pọ̀ nínú àwa ààfáà gan-an kò lè tú u. Ta ló san tíkẹ́ẹ̀tì? Bí wọ́n bá ní kó máa ṣiṣẹ́ san án, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ àti oṣù tó máa parí sílẹ̀. Ẹni tó ń gbani síṣẹ́ òkè òkun gbọ́dọ̀ ní láísẹ́ńsì láti iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Ẹ gba nọ́ńbà rẹ̀, kí ẹ gbé e lọ síbẹ̀. Fọ́tò sátífíkéètì lórí WhatsApp kì í ṣe ẹ̀rí. Bí wọ́n bá ní kó gba Sẹ̀mẹ́ lọ wọ bàálù ní Kùtọnu nígbà tí Ìkẹjà wà níbí, ìbéèrè àwọn ìmígíréṣọ̀n ni wọ́n ń sá fún. Bí ó bá jẹ́ Kánò sí Agadez ní orílẹ̀-èdè Niger, Líbíà nìyẹn, níbi tí CNN ti fi hàn ní 2017 bí wọ́n ṣe ń ta ọkùnrin ní nǹkan bíi 400 dọ́là.

Bí gbogbo rẹ̀ bá dúró re, kí ẹ̀dà pásípọ́ọ̀tù, físà, tíkẹ́ẹ̀tì àti ìwé àdéhùn wà nílé. Kí ọmọ há nọ́ńbà méjì sórí, torí fóònù ni wọ́n kọ́kọ́ ń gbà. Kí wọ́n jọ yan gbólóhùn kan, bíi "ẹ bá mi kí Ìyá Rìsìkátù", nígbà tí kò sí Rìsìkátù kankan nínú ẹbí. Ọjọ́ tó bá sọ ọ́, ẹ dìde.

Ẹ̀yin Lémọ́ọ̀mù, ẹ má ka ìkéde iṣẹ́ òkè òkun lórí ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ṣáláṣí tí ẹ ò yẹ̀ wò. Ohùn yín ni èjẹ́ǹtì fẹ́ lò ṣe onídùúró.

Bí ọmọ bá ké láti ọ̀hún, ẹ má ju fídíò rẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọ̀gá á rí i, á gbé e kúrò níbẹ̀ tàbí kó fẹ̀sùn olè kàn án. Ẹ má pe èjẹ́ǹtì láti bú u pẹ̀lú, á sá. Ẹ kọ́kọ́ gba ibi tó wà lórí máàpù, orúkọ ọ̀gá, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù. Ẹ tọ́jú nọ́ńbà àkáǹtì tí ẹ sanwó sí àti gbogbo ohùn tí èjẹ́ǹtì fi ránṣẹ́, kí ẹ wá pe NAPTIP, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti títa èèyàn, lórí 627. Àjọ NIDCOM, tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ọmọ Nàìjíríà lókè òkun, àti iléeṣẹ́ aṣojú wa lọ́hùn-ún náà gbọ́dọ̀ gbọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ má gbà kí àwọn àgbà mọ́ṣáláṣí "parí ẹ̀ nílé". Bí ẹbí bá ti gba owó ẹ̀bẹ̀ tí wọn ò yọjú sí kóòtù mọ́, ẹjọ́ á kú, èjẹ́ǹtì á sì kọjá sí àdúgbò kejì.

Kí a tó dá Lárúbáwá lẹ́bi tán, ta ló wà ní kíṣìnì wa? Òfin Nàìjíríà ti 2015 tó lòdì sí títa èèyàn ka gbígba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 12 ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tó ń gbéni dé ẹ̀wọ̀n. Ní 2003, ọmọ Benin Republic tó lé ní 200 ni wọ́n gbà sílẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta ní Abẹ́òkúta, ìlú tí mọ́ṣáláṣí pọ̀ sí. A ń kírun, wọ́n ń fọ́ òkúta.

Ẹni tó bá padà dé, ẹni méjì péré nínú ẹgbẹ́ alásàlátù ni kó máa lọ bẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n má bi í ní ohun tí ojú rẹ̀ rí. Ilé ìwòsàn ṣáájú: àyẹ̀wò oyún, HIV, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀, ikọ́ ẹ̀gbẹ. Bí ó bá ń ta jí lóru, ẹ má sáré pè é ní àlùjànnú. Ẹ̀rù tó jẹ ọkàn rẹ̀ ni, dókítà wà fún un, rúkíyà, ìyẹn kíka Kùránì sí aláìsàn, kò sì dí ìyẹn lọ́wọ́. Bí èjẹ́ǹtì bá ti mú un búra nídìí òrìṣà, tí wọ́n gé irun àti èékánná rẹ̀, ẹ rán an létí hádíìsì Áíṣà pé ẹni tó bá jẹ́jẹ̀ẹ́ láti ṣẹ̀ Ọlọ́hun, kó má ṣẹ̀ Ẹ́. Ọba Ewuare Kejì ti ìlú Benin ní Edo pàápàá kéde ní 2018 pé irú ìbúra bẹ́ẹ̀ ti di òfo.

Sàká wà fún onígbèsè (9:60). Owó tí èjẹ́ǹtì ní ó jẹ òun kì í ṣe gbèsè. Èyí tí ìyá rẹ̀ yá ní kọ́péréétì láti fi rán an lọ ni gbèsè, ẹ bá a san án. Máṣíìnì ìránṣọ tí a gbé fún un níwájú kámẹ́rà, láìsí owó ṣọ́ọ̀bù àti owó oúnjẹ oṣù mẹ́ta, ó máa tà á láti fi jẹun ni. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè iṣẹ́ tó mọ̀.

Ànábì Yúsúfù kọ̀ láti jáde lẹ́wọ̀n títí wọ́n fi wẹ orúkọ rẹ̀ mọ́ (12:50). Bí ẹbí ọkọ bá wá bi yín léèrè ọmọ yẹn lọ́la pé, "Ṣé òótọ́ ni pé ó ti lọ ṣe aṣẹ́wó rí?", ẹ ka Súrà Núúrù fún wọn, 24:33, níbi tí Ọlọ́hun ti ní lẹ́yìn tí wọ́n bá fipá mú wọn, Aláforíjìn Oníkẹ̀ẹ́ ni Òun. Lẹ́yìn náà, ẹ sọ fún wọn bó ṣe ń kírun àti bó ṣe ń tọ́jú ìyá rẹ̀.