Wendy Richard: Láti Ìdí Káńtà Dé Ilé Ìfọṣọ

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ eré àti ẹ̀yin àlejò wa gbogbo. Láàárín oṣù Èrèlé sí oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 1985, ojú kan náà ń yọ nínú eré méjì lórí tẹlifíṣàn BBC, eré méjì tí kò jọra rárá. Nínú Are You Being Served?, eré àwàdà kan, Miss Brahms ni, ọmọge afínjú tó ń tajà ní ilé ìtajà ńlá kan. Nínú EastEnders, eré àtìgbàdégbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù Èrèlé, Pauline Fowler ni, abilékọ tí ọkọ rẹ̀ kò níṣẹ́ lọ́wọ́, tó tún wá lóyún nígbà tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń di àgbà. Wendy Richard ló ṣe méjèèjì.

Àwọn kan gbà pé ó ní láti pa àwàdà tì kó tó lè di Pauline. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Àwàdà gan-an ló kọ́ ọ ní eré ìbànújẹ́.

Ọdún 1943 ni wọ́n bí i ní Middlesbrough, àmọ́ Lọ́ńdọ̀nù ló dàgbà sí, ilé ọtí sì ni iṣẹ́ àwọn òbí rẹ̀. Ó kọ́ṣẹ́ eré ní Italia Conti, ó sì tajà ní Fortnum & Mason, ilé ìtajà ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù, kó tó rí ẹsẹ̀ fìdí múlẹ̀. Ní 1962, òun àti Mike Sarne ṣe orin kan tó gba ipò kìíní. Sarne ló ń kọrin; ti Wendy ni pé kó máa dá a lóhùn bí ọmọ Lọ́ńdọ̀nù tí kò fẹ́ kí ọkùnrin dà á láàmú. Ohùn yẹn ni wọ́n fi kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n.

Are You Being Served? bẹ̀rẹ̀ ní 1972. Jeremy Lloyd àti David Croft ló dá a sílẹ̀, Lloyd fúnra rẹ̀ sì ti ṣiṣẹ́ ilé ìtajà rí. Iwájú èrò ni wọ́n ti ń ya eré náà, ibẹ̀ sì ni ẹ̀kọ́ wà. Tí èrò bá bú sẹ́rìn-ín, òṣèré gbọ́dọ̀ dúró. Tó bá tètè sọ̀rọ̀, ẹ̀rín á bo ọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀. Tó bá sì pẹ́ jù, eré á tutù. Ẹ wo Wendy nídìí káńtà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mollie Sugden tó ń ṣe Mrs Slocombe. Sugden á máa ròyìn ológbò rẹ̀, ọ̀rọ̀ á máa ní ìtumọ̀ méjì, Wendy kò ní rẹ́rìn-ín. Á kàn gbójú sókè díẹ̀, ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rín á tún ru. Kò sọ nǹkan kan, síbẹ̀ ó ti ṣiṣẹ́. Ọdún mẹ́tàlá ló fi ṣe èyí.

Nígbà tí Julia Smith àti Tony Holland ń kó òṣèré jọ fún EastEnders, ojú tí aráyé kò tíì mọ̀ ni wọ́n ń wá jù. Wendy ti gbajúmọ̀, wọ́n ṣì mú un. Ó gbà láti pa oge tì: kò sí àtíkè, kò sí aṣọ tó ń dán, kádígáànì ló kù. Ẹni ọdún mọ́kànlélógójì ni, iṣẹ́ oge ló sì ti ń bọ́ ọ. Kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ní Elstree, níbi tí wọ́n ti ń ya EastEnders, kò sí èrò tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Eré àtìgbàdégbà kì í dúró de ẹnikẹ́ni: ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ ló ń jáde níbẹ̀rẹ̀, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta ní 1994, ó di ẹ̀ẹ̀mẹrin ní 2001. Àmọ́ ìdúró tó ti kọ́ wà lára rẹ̀. Nílé ìfọṣọ, níbi tí Pauline àti Dot Cotton, tí June Brown ń ṣe, ti ń ṣiṣẹ́, ẹ máa rí i tó ń ká aṣọ, tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tó ń dùn ún, tí ọwọ́ rẹ̀ kò dúró. Ní 1993, Pauline mọ̀ pé Arthur ọkọ òun ń yan àlè, ó sì gbá a ní páànù tí wọ́n fi ń dín ẹyin. Ohun ìjà aláwàdà ni páànù! Lọ́wọ́ òṣèré mìíràn, ẹ̀rín ì bá wọ inú ìṣẹ̀lẹ̀ náà, kò sì ní dun ẹnikẹ́ni. Wendy mọ ibi tí ẹ̀rín ti máa ń wọlé, ó sì ti ilẹ̀kùn ibẹ̀ pa.

Pauline wá le sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún. Àwọn oníròyìn ń pè é ní oníṣòro, èmi kò rí ẹ̀bi Wendy níbẹ̀. Obìnrin tí ọkọ rẹ̀ lọ sẹ́wọ̀n tí ọkọ náà sì kú, tí ọmọ rẹ̀ Mark kó kòkòrò HIV tó sì ṣaláìsí, kí ló yẹ kó máa rẹ́rìn-ín sí?

Wendy gba MBE, oyè ọlá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2000. Nígbà tí àwọn òǹkọ̀wé fẹ́ kí Pauline tún lọ́kọ, Wendy kò fara mọ́ ọn, ó ní kò bá ìwà Pauline mu, ó sì fi eré náà sílẹ̀. Pauline kú lọ́jọ́ Kérésìmesì 2006. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n fún Wendy ní àmì ẹ̀yẹ iṣẹ́ ìgbésí ayé níbi British Soap Awards, ayẹyẹ ẹ̀yẹ fún eré àtìgbàdégbà. Àrùn jẹjẹrẹ ọyàn tó ti ń bá jà láti 1996 ló pa á ní ọjọ́ 26 oṣù Èrèlé 2009, lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ kọ́ṣẹ́ lára rẹ̀, ẹ wá EastEnders ti àwọn ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ náà àti Are You Being Served? ti àkókò kan náà. Ẹ kọ́kọ́ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ máa wo ojú àti ọwọ́ nìkan. Lẹ́yìn náà, ẹ tan ohùn, kí ẹ sì máa ka iye ìgbà tó dákẹ́. Ó yá, mo ti ṣetán láti gbọ́ ìbéèrè yín.