Mùsíọ̀mù Tó Wá Bá Ará Àdúgbò

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará ilé àti ará ìdálẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nínú ọkọ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, mo kí yín. Kò sí àlejò lórí ètò lónìí. Èmi nìkan ni, nítorí ọ̀rọ̀ kan wà lọ́kàn mi tí mo fẹ́ tú palẹ̀ fún yín.

Àwo onígi kan wà ní Washington níbí, ní National Museum of African Art. Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀-Èkìtì ló gbẹ́ ẹ, bàbá tó ṣiṣẹ́ ère fún ààfin Arìnjalẹ̀, tó sì papòdà ní 1938. Àwo náà lọ́mọrí, àwọn obìnrin sì wà lórí ọmọrí náà, wọ́n di ara wọn mú bí ẹni ń jó. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni kí ẹ wò. Àwọn ènìyàn kéékèèké kúnlẹ̀ yí ká, wọ́n gbé àwo ró. Láàárín wọn, nínú lọ́hùn-ún, orí ènìyàn kan wà tí kò so mọ́ nǹkan kan. Ó lè yí síhìn-ín, ó lè yí sọ́hùn-ún, kò kàn lè jáde ni. Igi kan náà ni orí yẹn àti àwọn tó yí i ká. Bàbá ti irinṣẹ́ bọ àárín àwọn tó kúnlẹ̀ yẹn, wọ́n sì gbẹ́ orí náà sí ibi tó wà. Mo lè dúró níwájú rẹ̀ títí wọn ó fi tilẹ̀kùn.

Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lẹ́nu ọ̀nà níbẹ̀. Síbẹ̀, mo mọ àwọn ènìyàn wa ní Hyattsville, ní Lanham, ní Bowie, tí wọ́n ti wà ní Maryland láti ìgbà tí àwọn ọmọ wọn ò tíì mọ̀ ọ́n rìn, àwọn ọmọ náà ti jáde yunifásítì báyìí, bàbá àti ìyá ò sì tíì fojú kan àwo Ọlọ́wẹ̀ rí. N ò bá wọn wí o. Ẹni tó bá ṣiṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó mọ́jú yóò sùn lọ́sàn-án. Ọjọ́ Sátidé, òde ń bẹ. Ọjọ́ Sunday, ṣọ́ọ̀ṣì gba gbogbo rẹ̀. Pápá National Mall tí mùsíọ̀mù náà wà pàápàá, ilé ìjọba ló yí i ká, ilé ńláńlá olókùúta funfun. Ó pẹ́ kí ara ènìyàn tó balẹ̀ níbẹ̀. Pé nǹkan jẹ́ ọ̀fẹ́ kò ní kí ènìyàn wọlé. Ohun tó ń mú ènìyàn wọlé ni pé kó gbọ́ ọ̀ràn ara rẹ̀ nínú ilé náà, kó sì rí i pé wọ́n bi òun léèrè kí wọ́n tó gbé nǹkan kalẹ̀.

Èyí tí mò ń sọ yìí, wọ́n ti ṣe é rí nínú ìlú Washington yìí kan náà, lódìkejì odò Anacostia.

Ní 1966, S. Dillon Ripley tó jẹ́ ọ̀gá àgbà Smithsonian nígbà náà, àjọ tó ni àwọn mùsíọ̀mù orí Mall, dá a lábàá pé kí wọ́n gbé mùsíọ̀mù lọ sáàárín àwọn tí ẹsẹ̀ wọn kì í tẹ Mall. Àwọn ará Anacostia gbọ́, wọ́n ní ọ̀dọ̀ àwọn ni kí wọ́n gbé e wá. Àdúgbò àwọn aláwọ̀ dúdú ni, ìjọba sì ti pa á tì. Ilé sinimá àtijọ́ kan tí wọ́n ń pè ní Carver Theater ni wọ́n lò, lójú títì Nichols Avenue, tó ti di Martin Luther King Jr. Avenue lónìí. Ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì lè yà wọlé. Ọjọ́ 15 oṣù September 1967 ni wọ́n ṣí i.

Ẹni tí wọ́n fi ṣe olórí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ rẹ̀ wọ̀ mí lára jù. John Kinard ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Washington, pásítọ̀, kò tíì pé ọmọ ọdún 31. Kò ṣiṣẹ́ mùsíọ̀mù rí láyé rẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ̀ ni iṣẹ́ láàárín àwọn ọ̀dọ́ àti àwọn tí kò rí já jẹ, ó sì ti bá ẹgbẹ́ Operation Crossroads Africa dé Ìlà-Oòrùn Áfíríkà. Lójú tèmi, wọn ì bá wá títí wọn ì bá má rí ẹni tó yẹ iṣẹ́ náà tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó mọ ilé ènìyàn, tó mọ ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò lọ sílé ìwé àti ìdí tí kò fi lọ, òun ló mọ ohun tó yẹ kó wà lórí tábìlì mùsíọ̀mù.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí i, wọ́n ṣe ṣọ́ọ̀bù kan síbẹ̀ bí èyí tó wà ní Anacostia ní 1890. Ọkọ̀ Mercury, irú èyí tí àwọn ará Amẹ́ríkà fi lọ sí gbalasa òfurufú, wà níbẹ̀, ẹranko kéékèèké tó wà láàyè náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọdé ń fọwọ́ kan nǹkan. Kò pẹ́ kò jìnnà, iṣẹ́ jáde nínú ilé náà: wọ́n ń kó àfihàn lọ sí ilé ìwé àti ṣọ́ọ̀ṣì, Zora Martin Felton sì ń darí ẹ̀ka ẹ̀kọ́.

Ní 1969 wàyí, wọ́n ṣe àfihàn nípa èkúté. Bẹ́ẹ̀ ni, èkúté. Èkúté ló ń da àdúgbò láàmú. Kinard àti àwọn ènìyàn rẹ̀ gbé èkúté tó wà láàyè sínú mùsíọ̀mù, nínú ẹ̀yìnkùlé tí wọ́n ṣe bí ẹ̀yìnkùlé àdúgbò náà gan-an. Wọ́n ṣàlàyé bó ṣe ń bí sí i, ohun tó ń jẹ, àìsàn tó ń gbé kiri, àti ohun tí ènìyàn lè ṣe sí i. Mo mọ̀ pé àwọn kan á ní ṣé èkúté náà ni àṣà, ṣé òun ni ohun àjogúnbá. Ẹni tí èkúté ń gé ọmọ rẹ̀ lẹ́sẹ̀ jẹ lóru kò ráyè ère. Ẹ kọ́kọ́ bá a lé èkúté, yóò bá yín jókòó, yóò sì sọ ìtàn bàbá rẹ̀ fún yín. Bó ṣe rí nìyẹn ní Anacostia: nígbà tó fi máa di 1972, ìtàn àdúgbò náà fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń ṣe àfihàn lé lórí.

Kinard kú ní 1989. Ọdún méjì ṣáájú ìyẹn ni mùsíọ̀mù náà ti kó kúrò lójú títì lọ sí Fort Place, láàárín igi. Ilé tó dára ni, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ gidi níbẹ̀ títí dòní, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn ilé sinimá yẹn jù ú lọ, torí ẹni tó ń lọ ra búrẹ́dì.

Nígbà tí mo kà nípa gbogbo èyí, mùsíọ̀mù Onikan l'Ékòó ló wá sí mi lọ́kàn, èyí tí wọ́n ṣí ní 1957. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tí ilé ìwé kó lọ síbẹ̀ lọ́mọdé pé kí ló rántí. Mọ́tò Murtala ni. Mercedes tí wọ́n yìnbọn bá ọ̀gágun náà nínú rẹ̀ ní 1976, tí ihò ọta ṣì wà lára rẹ̀. Àwọn ère ńkọ́? A tò kọjá lára wọn, tíṣà ní ká má fọwọ́ kan nǹkan kan, ó parí. Ìdí tí a fi rántí mọ́tò yẹn ni pé a ti gbọ́ ìtàn rẹ̀ nílé kí a tó débẹ̀.

Ó ti kan àwa tá a wà lókè òkun náà rí. Ní 1994, mùsíọ̀mù Anacostia ṣe àfihàn nípa àwọn aláwọ̀ dúdú tó ṣí wá sí Washington láti ilẹ̀ mìíràn. Ní 1997, níbi ayẹyẹ Folklife Festival tí Smithsonian máa ń ṣe lórí Mall, àwọn ọmọ Áfíríkà tó ń gbé agbègbè yìí ni wọ́n gbé jáde. Àwa fúnra wa ni wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ ìwádìí, tí àwọn ènìyàn wa sì lọ fọ̀rọ̀ wá ara wọn lẹ́nu wò, nípa oúnjẹ, irun dídì, ìsọmọlórúkọ, ijó. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn ti ń dàgbà o.

Èyí ló fà á tí àwa kan fi gba yàrá ní láíbìrì àdúgbò wa, tí a ní kí oníkálukú mú ohun kan wá láti ilé. Mi ò lè sọ gbogbo ohun tó wọlé, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ti Màmá kan, ọmọ Ìsẹ́yìn. Wọ́n ṣí àpótí, òórùn kánfò kún yàrá. Wọ́n tú sányán jáde, àwọ̀ rẹ̀ bí oyin tó ti pẹ́. Ọmọbìnrin kékeré kan wá dúró tì wọ́n, ó ní, “Màmá àgbà, ṣé mo lè fọwọ́ kàn án?”

Màmá ní, “Ṣebí torí ẹ ni mo ṣe gbé e wá.”

Wọ́n mú ìka ọmọ náà, wọ́n fi tọ ojú ibi tí wọ́n ti rán tẹ́ẹ́rẹ́ kan mọ́ ìkejì, tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Wọ́n sọ fún un pé òwú kòkòrò inú igbó ni, pé bàbá àwọn ló hun ún. Ọmọ náà béèrè pé báwo ni wọ́n ṣe ń hun ún. Màmá jókòó sórí àga rọ́bà láíbìrì yẹn, wọ́n bọ́ bàtà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fẹsẹ̀ tẹ omù tí kò sí níbẹ̀, ọ̀tún, òsì, wọ́n ń fọwọ́ sọ ọ̀kọ̀ gba àárín òwú tí ẹnikẹ́ni ò rí, ẹnu wọn sì ń ké bí òfì ṣe ń ké. Gbogbo wa dákẹ́. Ọmọ náà bọ́ bàtà tirẹ̀, ó jókòó tì wọ́n, ó ń fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́.

Bí mùsíọ̀mù kan bá ń gbọ́ mi, irú yàrá bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ wá bá wa. Ẹ wá jókòó, kí ẹ tó sọ èyí tí ẹ fẹ́ fi hàn wá. Ṣùgbọ́n kí àwa náà má dúró dè wọ́n. Ẹ̀yin tí àwọn òbí yín ṣì wà, ẹ gbé fọ́tò àtijọ́ lọ bá wọn lọ́sẹ̀ yìí. Ẹ kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò: ta nìyí, ìlú wo, ọdún wo, òde kí ni. Pẹ́ńsù ni kí ẹ fi kọ ọ́, torí íńkì lè jẹ fọ́tò. Màmá ọmọ Ìsẹ́yìn ti ní kí n wá gba ohùn àwọn sílẹ̀, oríkì ìdílé wọn àti orin tí bàbá wọn máa ń kọ lórí òfì. Bí wọ́n bá fún mi láyè, ẹ ó gbọ́ ọ lórí ètò yìí. Ó dìgbà kan ná.