Ilé Là Ń Wò Ká Tó Sọmọ Ní Olódo

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ bá mi wo ọmọ kan. JSS2 ló wà, ilé ìwé ìjọba kan ní Ẹ̀búté Mẹ́tta, bẹ́ǹṣì kejì láti ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ ò tíì lù, ó ti gbórí lé dẹ́sìkì, ó ń sùn. Tíṣà ìṣirò pè é lẹ́ẹ̀kan, ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, nígbà tó yá ó ju ṣọ́ọ̀kì lù ú, gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀lẹ. Olódo. Orúkọ tó ń jẹ́ nìyẹn láti tọ́ọ̀mù tó kọjá.

Ọmọ yìí kì í ṣe ẹnì kan pàtó o, mo fi ṣe àpẹẹrẹ ni, àmọ́ bẹ́ ẹ bá ti kọ́ ọmọ ní Èkó rí, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti nà án, wọ́n ti ní kó kúnlẹ̀, wọ́n ti ní kó lọ mú òbí ẹ̀ wá, kò sì mú ẹnikẹ́ni wá. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n ṣe fún un yìí, kò sẹ́ni tó bi í pé, ọmọ, ṣé o rí oorun sùn lóru àná?

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Gbogbo wa la mọ òwe yẹn, a máa ń pa á níbi ìkómọ. Àmọ́ nílé ìwé, a ti sọmọ lórúkọ tán kẹ́nikẹ́ni tó rántí ilé. Ohun tí mo fẹ́ bá yín sọ lónìí ò ju ìyẹn lọ, pé iṣẹ́ kan wà tí wọ́n dìídì dá sílẹ̀ fún ilé wíwò yẹn, òun ni wọ́n ń pè ní sóṣà wọ́kà ilé ìwé, àti pé ọ̀pọ̀ ohun tá à ń pè ní ìwàkiwà lára ọmọ, ọkàn ọmọ yẹn ló ń ké, ẹnu ẹ̀ ò kàn lè sọ ọ́ ni.

Nǹkan bí 1906 sí 1907 ni iṣẹ́ yìí bẹ̀rẹ̀ lókè òkun, ní New York, Boston àti Hartford lápá Amẹ́ríkà. Àwọn ọmọ ń sá nílé ìwé, àwọn míì ń wá àmọ́ wọn ò lè kàwé, ni wọ́n bá yan àwọn tíṣà kan tí iṣẹ́ wọn ò ju kí wọ́n máa lọ sílé ọmọ, kí wọ́n lọ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ẹ jẹ́ n sọ ohun kan tó máa ń yà mí lẹ́nu. Ní 1907 yẹn náà, níbí l'Ékòó, ìjọba òyìnbó ṣí ọgbà kan ní Yábà tí wọ́n ń kó àwọn tí ọpọlọ wọn dàrú sí. Ọgbà yẹn ló di ọsibítù ìjọba àpapọ̀ tó wà ní Yábà lónìí. Títí dòní yìí, bí ọmọ bá lanu sọ pé inú òun ò dùn, pé nǹkan ń ṣe òun, ohun tí ọ̀rẹ́ ẹ̀ máa kọ́kọ́ dá a lóhùn ni "Yaba Left". Ó máa ń dùn mí gan-an. Àwọn dókítà àti nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ gidi wà níbẹ̀, èèyàn ń lọ ibẹ̀ ó ń gbàtọ́jú ó ń padà sílé sẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀, àwa ti sọ orúkọ ibẹ̀ di èébú, èébú yẹn sì ló ń jẹ́ kí ọmọ panu mọ́.

Kì í kúkú ṣe pé àwa náà ò mọ ọ̀nà míì. Ní 1954, Dókítà Thomas Adeoye Lambo, ọmọ Abẹ́òkúta, bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ọsibítù ọpọlọ tó wà ní Arò, l'Abẹ́òkúta. Dípò kó ti àwọn aláìsàn mọ́lé, ó ní kí wọ́n máa gbé ní àwọn abúlé tó yí ọsibítù ká, kí ẹbí wọn kan tẹ̀ lé wọn wá, kí wọ́n máa bá àwọn ará abúlé ṣe iṣẹ́ oko, kí wọ́n sì máa gba ìtọ́jú. Gbogbo ayé ló gbọ́ nípa ẹ̀. Bàbá yẹn mọ̀ pé àìsàn ọpọlọ kì í ṣe ti ẹnì kan ṣoṣo, ilé onítọ̀hún wà nínú ẹ̀.

Ti káńsẹ́lọ̀ ilé ìwé, ìyẹn ẹni tó ń gba ọmọ nímọ̀ràn, náà ti pẹ́ nílẹ̀ wa. 1959 ni wọ́n máa ń sọ pé ó bẹ̀rẹ̀, ní St. Theresa's College, Òkè-Àdó, n'Íbàdàn, àwọn sísítà ìjọ Kátólíìkì ló gbé e dìde, wọ́n fẹ́ ran àwọn ọmọbìnrin tó ń jáde ìwé lọ́wọ́ kí wọ́n lè mọ iṣẹ́ tí wọ́n máa ṣe. Ohun tó bí i nìyẹn, ọ̀rọ̀ iṣẹ́. Mo rò pé ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé títí dòní, ọ̀pọ̀ ọmọ rò pé tó bá dìgbà tí wọ́n fẹ́ yan Sáyẹ́ǹsì àbí Áàtì ní SS1 ni wọ́n nílò káńsẹ́lọ̀, tó bá dìgbà JAMB, ó tán.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé wọn torí wọ́n máa ń da àwọn èèyàn wọ̀nyí pọ̀. Káńsẹ́lọ̀ wà nínú ọgbà ilé ìwé, òun ló máa jókòó ti ọmọ, tó máa gbọ́ ọ. Sóṣà wọ́kà ní tiẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ níṣẹ́, ó máa jáde ní géètì, ó máa lọ sílé, ó máa lọ sí kánsù, ó máa lọ sí ọsibítù, ó máa so gbogbo wọn pọ̀ kí ọmọ náà má bàa bọ́ sáàárín. Dókítà ọpọlọ ló lè sọ pé àìsàn báyìí ló ń ṣe é, òun ló sì lè kọ oògùn. Ní Amẹ́ríkà, ohun tí ẹgbẹ́ àwọn sóṣà wọ́kà ilé ìwé fẹ́ ni ẹnì 1 sí ọmọ 250. Níbí, nínú ilé ìwé ìjọba tó pọ̀, káńsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo ló ń ṣe iṣẹ́ àwọn méjèèjì, ó tún ń kọ́ sọ́bújẹ́ẹ̀tì, yàrá ẹ̀ ni wọ́n tún ń kó bọ́ọ̀lù àti jẹ́sì eré ìdárayá sí. Ọmọ ń sunkún lọ́wọ́, ẹnì kan á ṣílẹ̀kùn, "ẹ jọ̀ọ́ ma, mo fẹ́ mú bọ́ọ̀lù". Báwo lọmọ yẹn ṣe fẹ́ parí ọ̀rọ̀ ẹ̀?

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé nǹkan ń ṣe ọmọ? Ọmọ wa kì í sábà sọ pé òun ní dìpírẹ́ṣọ̀n, ìyẹn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn. Ara ló máa fi sọ ọ́. Orí ń fọ́ mi. Inú ń run mí, pàápàá láàárọ̀ Mọ́ńdè. Orí mi ń gbóná. Nǹkan ń rìn lórí mi bí èèrà. Mò ń kàwé, kò wọlé. Dókítà ará Kánádà kan, Raymond Prince, tó bá wọn ṣiṣẹ́ lápá Abẹ́òkúta, kọ̀wé nípa ẹ̀ ní 1960, ó ní àwọn ọmọ ilé ìwé Nàìjíríà ló ń sọ báyìí fóun, wọ́n ní orí ń gbóná, ojú ń ṣomi, ìwé ò wọlé, àwọn ọmọ náà sì ń pè é ní "brain fag", ìyẹn ni pé ọpọlọ ti rẹ̀ wọ́n. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, àwọn ọmọ ṣì ń sọ ọ́, àwa ṣì ń fún wọn ní Panadol.

Nǹkan míì tẹ́ ẹ máa wò ni àyípadà. Ọmọ tó lárìíyá tẹ́lẹ̀ tó wá dákẹ́, èyí tó jẹ́ jẹ́ẹ́jẹ́ tó wá ń bá gbogbo èèyàn jà, tí kò jẹun mọ́, tí kò sùn mọ́ àbí tó ń sùn ṣáá, tí bọ́ọ̀lù tó fẹ́ràn ò wù ú mọ́. Ọjọ́ kan, ọjọ́ méjì, kò burú, gbogbo wa la máa ń rí bẹ́ẹ̀. Bó bá ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí kò yí padà, ẹ má dúró mọ́. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní nínú ọmọ 7 tó wà láàárín ọdún 10 sí 19, ọ̀kan ní ìṣòro ọpọlọ kan tàbí òmíì. Ẹ fi ìṣirò yẹn wo kíláàsì kan tó ní ọmọ 70, mẹ́wàá nìyẹn, wọ́n jókòó síbẹ̀ níwájú yín.

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ ọmọ wa.

Káńsẹ́lọ̀ kan wá gbọ́ nípa ẹ̀, obìnrin ni, kò pariwo, kò pè é jáde lójú ẹgbẹ́ ẹ̀. Nígbà ìsinmi ọ̀sán ló ní kó bá òun gbé ìwé lọ sí ọ́fíìsì. Níbẹ̀ ló ti bi í pé aago mélòó ló máa ń jí. Ọmọ ní aago mẹ́ta, pé òun máa ń bá wọn já ẹrù nínú ọkọ̀ Ọ̀yìngbò kóun tó wá. Ẹ ò rí i, tó bá jẹ́ ibẹ̀ ló dúró, á ti rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, pé iṣẹ́ ló ń rẹ̀ ẹ́. Kò dúró. Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ lẹ́yìn ilé ìwé, wọ́n jọ rìn lọ sílé ọmọ náà.

Yàrá kan ni. Èèyàn mẹ́fà ló ń sùn níbẹ̀. Ìwé ọmọ náà wà nínú náílọ́ọ̀nù dúdú, wọ́n so ó kọ́ ìṣó lára ògiri, gíga gan-an, torí omi máa ń wọlé tójò bá rọ̀. Ìyá àgbà ló wà nílé. Káńsẹ́lọ̀ kúnlẹ̀, "Ẹ kú ilé mà, ẹ kú iṣẹ́." Màmá ti ń gbọ̀n, "Háà, ẹ dákun, kí lọmọ mi jí?" Torí nílẹ̀ wa, tí tíṣà bá wá sílé, ẹjọ́ ló gbé wá.

"Kò jí nǹkan kan mà. Mo ní kí n wá kí yín ni. Ọmọ yín ń gbìyànjú, ó kàn ń rẹ̀ ẹ́."

Màmá wá jókòó. Ó pẹ́ kó tó sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ìyá ẹ̀ ló kú, ọdún tó kọjá. Ọmọ yìí ò sunkún rárá. Mo ń dúpẹ́ pé ó lọ́kàn akin. Àmọ́ lóru, tí mo bá tají, ojú ẹ̀ máa là sílẹ̀ ni, ó ń wo òrùlé. Iṣẹ́ Ọ̀yìngbò yẹn, èmi kọ́ ni mo rán an o. Ó ní oorun ò kúkú wá, pé kóun máa lọ."

Ẹ gbọ́ ìyẹn dáadáa. Ọmọ tí wọ́n ń pè ní ọ̀lẹ, ọ̀fọ̀ ló ń ṣe, kò sì rẹ́ni bá a ṣe é.

Ohun tí káńsẹ́lọ̀ ṣe lẹ́yìn ìyẹn ò gba owó ńlá. Ó bá tíṣà ìṣirò sọ̀rọ̀, ó ní kó jẹ́ kọ́mọ náà jókòó síwájú, kó má pè é lórúkọ yẹn mọ́. Kò sọ gbogbo ohun tó gbọ́ nílé o, ìwọ̀nba tí tíṣà nílò ló sọ. Ó mú ìyá àgbà lọ rí òṣìṣẹ́ wẹ́fíà ní kánsù nítorí ọ̀rọ̀ oúnjẹ àti ìwé. Ó yan ọgbọ̀n ìṣẹ́jú fọ́mọ náà ní gbogbo Ọjọ́bọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó lẹ ìwé mọ́ ọn pé kẹ́nikẹ́ni má wọlé. Ó tún ní lọ́kàn pé bí oṣù kan bá kọjá tí oorun ò padà, òun máa mú un lọ sọ́sibítù, torí ibì kan wà tí agbára káńsẹ́lọ̀ parí sí, kò sì sí ìtìjú níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ n sọ ti ara mi díẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ àṣírí. Ìgbà tí mo wà ní SS1, nílé ìwé kan lápá Ìsàlẹ̀ Èkó, mo sọ nǹkan tó ń ṣẹlẹ̀ nílé wa fún tíṣà kan. Lọ́jọ́ kejì, mo gbọ́ ọ lórí àsẹ́ńbílì. Kò dárúkọ mi, àmọ́ gbogbo èèyàn mọ̀. Kò tún sí tíṣà tí mo bá sọ nǹkan títí mo fi jáde níbẹ̀. Ẹ̀yin tíṣà mi, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Ohun tó lè mú kẹ́ ẹ gbé ọ̀rọ̀ ọmọ jáde ò pọ̀: tó bá fẹ́ pa ara ẹ̀ lára, tó bá fẹ́ pa ẹlòmíì lára, àbí tẹ́nì kan bá ń fìyà jẹ ẹ́ tàbí ń bá a ṣèṣekúṣe. Kódà nígbà yẹn, ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ lẹ máa sọ fún, ẹ sì kọ́kọ́ sọ fọ́mọ náà pé ẹ máa sọ ọ́. Èkó ní òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé láti 2007. Tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìfipábánilòpọ̀ tàbí ìlùkulù nínú ilé, àjọ DSVA ti ìpínlẹ̀ Èkó ló wà fún un, 08000333333, kì í gba owó.

Èyí tó wúwo jù ni ọmọ tó ń sọ pé ó sàn kóun kú. Àwọn kan ní ẹ má bi í, pé ẹ máa fi sí i lọ́kàn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ bi í ní tààrà, pẹ̀lú ohùn pẹ̀lẹ́, ṣé ò ń rò ó pé kó o pa ara ẹ? Bíbéèrè kì í gbin ín sọ́kàn, ó sábà máa ń tú ẹrù sílẹ̀ ni. Tó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀, ẹ má bá a jiyàn, ẹ má ka Bíbélì tàbí Kùránì lé e lórí bí ìbáwí, ẹ kó ohun tó lè fi pa ara ẹ̀ lára kúrò nítòsí, kẹ́ ẹ pe 112 tàbí 767, àbí kẹ́ ẹ gbé e lọ sọ́sibítù lójú ẹsẹ̀. Ọsibítù LUTH tó wà ní Ìdí-Àràbà ní àwọn tí wọ́n dìídì ń mójú tó ọ̀rọ̀ yìí, SURPIN lorúkọ wọn. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ̀rù ọlọ́pàá dá yín dúró, òfin ìwà ọ̀daràn ti Èkó fúnra ẹ̀ sọ pé ọsibítù ni kí kóòtù ní kí wọ́n gbé ẹni tó gbìyànjú láti pa ara ẹ̀ lọ. Ní January 2023 náà, ìjọba àpapọ̀ buwọ́ lu òfin ìlera ọpọlọ tuntun, èyí tó rọ́pò òfin wèrè ti 1958. Òfin wèrè ni wọ́n ń pè é lóòótọ́ o, títí di ìgbà yẹn.

Ní ti ọmọ wa, Ọjọ́bọ̀ àkọ́kọ́, kò sọ nǹkan kan, ó kàn ń fi báírò ya ìlà sórí ìwé. Ìkejì náà bẹ́ẹ̀. Ìkẹta, ó béèrè bóyá òun lè sọ̀rọ̀ nípa ọbẹ̀ tí ìyá òun máa ń sè, ló bá bú sẹ́kún, ẹkún ọdún kan gbáko, káńsẹ́lọ̀ ò ní kó dákẹ́. Ní ọ̀sẹ̀ karùn-ún, bẹ́ẹ̀lì àárọ̀ ò tíì dún, ó ti dúró lẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì, ó gbé báàgì dání.

"Ẹ káàárọ̀ mà. Mo sùn lánàá."