Bosman Kì í Ṣe Ìwọ̀fà

Ẹ̀yin olùwòran wa, mo kí yín. Lọ́jọ́ 15 oṣù Kejìlá ọdún 1995, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù tó wà ní Luxembourg dá ẹjọ́ kan tó yí òwò bọ́ọ̀lù padà títí dòní, mo sì fẹ́ ṣàlàyé ìdí tí mo fi gbà pé ẹjọ́ náà tọ́.

Agbábọ́ọ̀lù ọmọ Bẹ́ljíọ̀mù ni Jean-Marc Bosman. Nígbà tí àdéhùn rẹ̀ pẹ̀lú ẹgbẹ́ RFC Liège ń parí lọ lọ́dún 1990, nǹkan bí 120,000 owó fáráǹkì ni ó ń gbà lóṣù. Ẹgbẹ́ náà ní kí ó wá máa gba 30,000, èyí tó kéré jù lọ tí òfin àjọ bọ́ọ̀lù ibẹ̀ fàyè gbà. Ó kọ̀. Ẹgbẹ́ Dunkerque ní ilẹ̀ Faransé ṣe tán láti fún un ní 100,000, ṣùgbọ́n nígbà náà, ẹgbẹ́ tó ń fẹ́ agbábọ́ọ̀lù gbọ́dọ̀ san owó fún ẹgbẹ́ tó wà tẹ́lẹ̀, kódà bí àdéhùn rẹ̀ bá ti tán. Nítorí pé Liège ń ṣiyèméjì bóyá Dunkerque á lè san owó náà, Liège kò béèrè ìwé tí wọn ìbá fi yọ̀ǹda rẹ̀ lọ́wọ́ àjọ bọ́ọ̀lù ibẹ̀, ó sì tún dá a dúró pé kò gbọdọ̀ gbá bọ́ọ̀lù.

Ìwọ̀fà ń sin olówó títí wọn yóò fi san owó tí wọ́n yá. Ọjọ́ tí owó bá pé, ọjọ́ náà ni yóò palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lọ sílé bàbá rẹ̀. Bosman kò jẹ Liège ní kọ́bọ̀, àdéhùn rẹ̀ ti tán, síbẹ̀ wọn ò jẹ́ kó lọ. Ilé ẹjọ́ wí pé òṣìṣẹ́ ni agbábọ́ọ̀lù, àti pé òmìnira tí òfin fún òṣìṣẹ́ láti lọ ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè mìíràn ní Yúróòpù kan òun náà, nítorí náà ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ béèrè owó mọ́ lórí ẹni tí àdéhùn rẹ̀ ti tán kí ó tó lọ sí orílẹ̀-èdè mìíràn níbẹ̀.

Mo mọ ohun tí àwọn tó takò ó ń sọ, kì í sì í ṣe irọ́. Ajax, ẹgbẹ́ ilẹ̀ Netherlands tó gba ife Champions League lọ́dún 1995, tí Kanu Nwankwo àti Finidi George wà nínú rẹ̀, tú ká láàárín ọdún díẹ̀: Edgar Davids lọ sí AC Milan, Patrick Kluivert tẹ̀ lé e, kò sì sẹ́ni tó san kọ́bọ̀ fún Ajax tó kọ́ wọn láti kékeré. Ẹni tó kọ́ ọmọdé níṣẹ́ yẹ kó gba owó iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í ṣe nípa síso àgbàlagbà mọ́lẹ̀.

Lọ́jọ́ 4 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, ilé ẹjọ́ yìí kan náà sọ̀rọ̀ lórí ọ̀ràn Lassana Diarra, agbábọ́ọ̀lù ọmọ Faransé. Lẹ́yìn tí òun àti ẹgbẹ́ Lokomotiv Moscow ní Rọ́ṣíà túká pẹ̀lú ìjà lọ́dún 2014, FIFA ní kí ó san mílíọ̀nù 10.5 owó yúrò, òfin FIFA sì ní ẹgbẹ́ tuntun tó bá gbà á yóò bá a ru gbèsè náà. Ẹ̀rù ba Charleroi, ẹgbẹ́ Bẹ́ljíọ̀mù tó fẹ́ ẹ, ó fà sẹ́yìn. Ilé ẹjọ́ ní irú ìlànà bẹ́ẹ̀ tàpá sí òfin Yúróòpù. Inú mi dùn sí i, àmọ́ àkókò ni ó ń dùn mí: ọmọ ọdún 25 ni Bosman nígbà tí Liège dá a dúró, ó ti di ẹni ọdún 31 kí ẹjọ́ tó dá, Diarra ní tirẹ̀ ti fi bọ́ọ̀lù sílẹ̀ láti ọdún 2019.