Rélùwéè Orí Omi, Irun Dídì, àti Ìjà Ilé Wa

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin ènìyàn mi. Tó bá jẹ́ òwúrọ̀ lẹ ti ń gbọ́ mi, ẹ kú ojúmọ́. Ohùn mi há díẹ̀ lónìí, ẹ má bínú, òtútù Leeds ló ń bá mi fínra. Tí ẹ bá sì ń gbọ́ gbùù-gbùù lẹ́yìn mi, ẹ̀rọ ìfọṣọ ni. Mi ò lè pa á, aṣọ iṣẹ́ mi ló wà nínú ẹ̀.

Ìjà ni mo gbé wá bá yín. Ìjà ilé wa ni o. Kì í ṣe tìtorí owó, kì í sì í ṣe tìtorí ẹbí ọkọ. Kàtúùnù ló dá a sílẹ̀. Kàtúùnù àwọn ará Jàpáànì, èyí táwọn ọmọ ìwòyí ń pè ní anime. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àgbàlagbà méjì tó ń san owó ilé ò bára wọn sọ̀rọ̀ láti alẹ́ Sátidé títí di ọ̀sán Sọ́ńdè, nítorí rélùwéè tí ẹnì kan fọwọ́ yà sórí bébà.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Mo ní kí gbogbo wa jọ wo Spirited Away, fíìmù Hayao Miyazaki tó jáde ní 2001, tó sì gba Oscar ní 2003. Èmi ti wò ó tó ìgbà mẹ́wàá. Ọkọ mi, Dádì Tèmi, ò wò ó rí. Chihiro, ọmọbìnrin ọmọ ọdún mẹ́wàá, ni ìtàn náà dá lé. Bàbá àti ìyá ẹ̀ rí oúnjẹ tí kì í ṣe tiwọn, wọ́n kì í mọ́lẹ̀, ni wọ́n bá di ẹlẹ́dẹ̀. Ọmọ wá há sáàárín àwọn ẹbọra, ó di ẹni tó ń fọlẹ̀ nílé ìwẹ̀ táwọn òrìṣà ti ń wá wẹ̀. Dádì Tèmi gbádùn ibẹ̀ yẹn gan-an. Ó ní, "Ṣé wọn ò kìlọ̀ fún wọn ní kékeré ni, pé kí wọ́n má jẹun níta?" Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń jẹ ẹ̀pà.

Ìgbà tó wá kan rélùwéè, ó gbé fóònù ẹ̀.

Mo wò ó. Kò mọ̀ pé mo ń wo òun. Mo ní, "Dádì Tèmi, ẹ gbé fóònù yẹn kalẹ̀." Ó ní, "Kí ló wá ń ṣẹlẹ̀? Ṣebí wọ́n kàn jókòó ni."

Wọ́n kàn jókòó ni! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wò ó, ẹ bá mi dá sí i.

Ẹ jẹ́ n sọ ibẹ̀ fún ẹni tí ò bá tíì wò ó. Òjò ti rọ̀, gbogbo ilẹ̀ ti di omi, ojú irin rélùwéè wà lábẹ́ omi náà, kò jìn, omi ò bò ó ju ìwọ̀nba díẹ̀ lọ. Chihiro bọ́ bàtà, ó ń gba orí irin náà lọ sí ibùdókọ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì tó mú dání, bàbá àgbà kan tó ń dáná omi ilé ìwẹ̀ ló fún un. Bàbá náà ti fi tíkẹ́ẹ̀tì yẹn pa mọ́ láti ogójì ọdún sẹ́yìn. Ó ní láyé ọjọ́un, rélùwéè ń lọ, ó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ní báyìí, lílọ nìkan ló kù. Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn. Bàbá náà ò tiẹ̀ sọ ọ́ bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ pàtàkì, ó kàn ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Èmi tí mo wà níbí láti 2009, bí mo bá dé ibẹ̀, ara mi máa ń rọ̀.

Wọ́n wọlé. Iwin kan tó ń tẹ̀ lé Chihiro, tó fi ìbòjú bo ojú, ó jókòó tì í bí ọmọdé tí wọ́n ti bá wí. Àwọn èrò ọkọ̀ tó kù, òjìji ni wọ́n. Wọ́n wọ fìlà, wọ́n gbé báàgì, ṣùgbọ́n ẹ lè rí ẹ̀yìn wọn láti iwájú wọn. Rélùwéè dúró ní ibùdó kan, àwọn òjìji náà sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹrù wọn. Òjìji ọmọbìnrin kékeré kan dúró lórí pèpéle níbẹ̀, kò wọlé, ó kàn ń wo ọkọ̀ tó ń lọ. Ilé kan ṣoṣo kọjá láàárín omi, wọ́n sá aṣọ síta ẹ̀. Ilẹ̀ ṣú. Iná pátákó ìpolówó ń ré kọjá lójú fèrèsé. Dùrù tí Joe Hisaishi fi sí i ń lọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Chihiro ò sọ̀rọ̀, ó tẹjú mọ́ iwájú. Ibùdó kẹfà ló ń lọ.

Òru ni mo máa ń ṣiṣẹ́, nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Aago márùn-ún àárọ̀ kọjá kí n tó wọ bọ́ọ̀sì wálé. Àwa kan náà la máa ń wà nínú bọ́ọ̀sì yẹn, aṣọ́dẹ, agbálẹ̀, àwa olùtọ́jú. A mọ ojú ara wa, a ò mọ orúkọ ara wa, kò sẹ́ni tó ń sọ̀rọ̀. Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé ó máa ń so láílọ́ọ̀nù búrẹ́dì mọ́ ọwọ́ bí ẹ̀gbà ọwọ́, ó sì ti tó ọdún mẹ́ta tí mo ti ń rí i. Ẹni tí wọ́n bá mú wọ bọ́ọ̀sì yẹn lẹ́ẹ̀kan, kò ní bi mí ní kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú rélùwéè.

Mo mọ̀ pé ẹ ti ń retí kí n débi orúkọ. Bẹ́ẹ̀ ni, ìyá àjẹ́ tó ni ilé ìwẹ̀ gba orúkọ Chihiro, ó ṣẹ́ ẹ kù, ó ń pè é ní Sen. Ibẹ̀ ni gbogbo àwa tá a wà lẹ́yìn odi máa ń sáré lọ, nítorí wọ́n ti ṣẹ́ orúkọ tiwa náà kù níbi iṣẹ́. Ibi táwọn ọ̀rẹ́ mi fẹ́ràn jù nìyẹn. Èmi gbà pé ó dáa. Kì í kàn án ṣe ibi tèmi.

Ìgbà tá a wá ń bára wa sọ̀rọ̀ padà, mo ṣàlàyé fún ọkọ mi. Mo ní Miyazaki fúnra ẹ̀ ti dáhùn ìbéèrè yìí. Ní 2002, Roger Ebert, oníròyìn tó máa ń ṣàyẹ̀wò fíìmù ní Amẹ́ríkà, bi í léèrè nípa àwọn ibi tí ẹnì kan kàn jókòó tàbí tó mí kanlẹ̀. Miyazaki pàtẹ́wọ́ bíi mélòó kan, ó ní àlàfo tó wà láàárín àtẹ́wọ́ kan sí èkejì, ìyẹn ni wọ́n ń pè ní ma lédè Jàpáànì. Tí eré bá ń sáré láìmí rárá, wàhálà lásán ni. Ọkọ mi gbọ́ ọ tán. Ó ronú. Ó ní, "Ó yé mi. Bí onídùndún náà ṣe máa ń dákẹ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n onídùndún kì í dákẹ́ fún ìṣẹ́jú mẹ́ta."

Mo rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Akira ni fíìmù tiẹ̀, ti Katsuhiro Otomo, 1988. Ibi tó ti ń dá a padà ni ibi tí Kaneda ti fi alùpùpù pupa ẹ̀ yí gbìrì, tó fi ẹ̀gbẹ́ yọ̀ lójú títì títí ó fi dúró, tí iná ń ta ṣàrà. Kò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ. Ó ti wò ó tó ọgọ́rùn-ún ìgbà. Mo mọ ibi tó ti bẹ̀rẹ̀. Voltron ni gbogbo wa ń wò nílé nígbà tá a wà ní kékeré, a ò mọ̀ pé ará Jàpáànì ló ya á, a rò pé Òyìnbó ni gbogbo wọn. Ó ní nílé àwọn, àìmọye ìgbà ni NEPA mú iná lọ gẹ́lẹ́ nígbà tí kìnnìún onírin márààrún bá ń so pọ̀ di ọkùnrin ńlá. Ẹni tí wọ́n gba irú nǹkan yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ lọ́mọdé, bó bá dàgbà, á fẹ́ kí nǹkan máa bú gbàmù kí wọ́n tó tún mú iná lọ. Mo ti dárí jì í.

Tèmi, ọmọ wa, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tiẹ̀ ò le. Ibi ẹbọra tó ń rùn ló fẹ́ràn. Ẹbọra kan wọ ilé ìwẹ̀, ẹrẹ̀ ni látòkè délẹ̀, ìrẹsì inú àwo bà jẹ́ nítorí òórùn. Chihiro rí nǹkan kan tó ṣẹ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ̀gún, wọ́n so okùn mọ́ ọn, wọ́n fà á, kẹ̀kẹ́ ló jáde, gbogbo pàǹtírí tó kù sì tẹ̀ lé e. Àṣé òrìṣà odò ni. Miyazaki ti sọ pé òun náà ti bá wọn kó ìdọ̀tí nínú odò rí, àwọn sì fa kẹ̀kẹ́ jáde. Tèmi rí ìdọ̀tí, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi rí i, mo rántí Ògùnpa. Ká fi ìyẹn síbẹ̀.

Àbúrò mi tó wà ní Houston ò fẹ́ gbọ́ Miyazaki rárá. Isao Takahata, olùdarí kàtúùnù Jàpáànì mìíràn, ni tiẹ̀. Grave of the Fireflies ló máa ń dárúkọ, lẹ́yìn náà á ní òun ò ní wò ó mọ́ láéláé. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò nígbà ogun ní 1945, ní Kobe, ìyá wọn ti kú, ebi ń pa wọ́n. Súìtì inú agolo ti tán, ẹ̀gbọ́n bu omi sínú agolo náà, ó mì ín, ó gbé e fún àbúrò ẹ̀ mu. Àbúrò mi ní, "Àǹtí mi, ibẹ̀ ni. Omi yẹn." Akiyuki Nosaka tó kọ ìtàn náà ní 1967, ebi pa àbúrò tiẹ̀ kú lóòótọ́. Takahata fúnra ẹ̀ sá bọ́ lọ́wọ́ bọ́ǹbù ní Okayama, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni.

Ohun tó máa ń yà mí lẹ́nu rèé: ọjọ́ kan náà ni fíìmù yẹn àti My Neighbor Totoro ti Miyazaki jáde, ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, 1988. Wọ́n jọ fi wọ́n hàn pọ̀ ni. Ẹ wo ẹni tó mú ọmọ ẹ̀ lọ wo ẹranko onírun tó dúró tì wọ́n ní ibùdókọ̀ nínú òjò, tó fo sókè kí omi orí igi lè dà sórí agboorùn ẹ̀, tí gbogbo ilé ń rẹ́rìn-ín, kí wọ́n tó wá gbé agolo súìtì yẹn síwájú ẹ̀. Mo bi àbúrò mi pé èwo ni ì bá kọ́kọ́ wò. Ó ní òun ì bá lọ sílé.

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀yìn Satoshi Kon, olùdarí anime mìíràn, mo mọ̀ pé ẹ ń bínú. Ọ̀rọ̀ yín ń bọ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Ní ti Totoro, mo rò pé mo mọ̀ ọ́n délé-délé. Ìgbà tí Màámi wá kí wa ní oṣù kẹjọ ni mo mọ̀ pé mi ò mọ̀ ọ́n. Tèmi jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ ìyá ìyá ẹ̀, Màámi ń di ṣùkú fún un, Tèmi sì fi Totoro sí i kó má bàa máa sunkún. Màámi ò gbọ́ Jàpáànì, kò sì lè tẹ̀ lé ọ̀rọ̀ tó ń sáré nísàlẹ̀ yẹn. Ó kàn ń wo ojú wọn. Nígbà tí ológbò di bọ́ọ̀sì, tó ń fi ẹsẹ̀ púpọ̀ sáré, ó ní, "Kí Ọlọ́run má jẹ̀ ẹ́ ká rìn nígbà tí ọ̀nà bá ń wá èrò."

Ibì kan wà nínú fíìmù náà tí mi ò ka sí rí. Ìyá àwọn ọmọ náà wà ní ọsibítù, bàbá gbé wọn sórí kẹ̀kẹ́ lọ kí i. Ìyá gbé ẹ̀gbọ́n, Satsuki, sí iwájú ẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, ó ń ya irun fún un, ó ń sọ fún un pé irú irun tòun ló ní. Àbúrò ń pariwo pé ó kan òun. Kò pẹ́ tó ìṣẹ́jú kan. Ìyá Miyazaki náà dùbúlẹ̀ fún ọdún púpọ̀ nígbà tó wà ní kékeré, ikọ́ ife tó mú un léegun ẹ̀yìn ni.

Òòyà dúró lọ́wọ́ Màámi.

Ó ní, "Ẹ wo ìka ẹ̀. Ara ẹ̀ ò yá, kò sì fa ọmọ nírun." Ó dákẹ́. Ó ní nígbà tí ìyá tòun ń ṣàìsàn, ó pe òun pé kí òun wá jókòó, kó di irun òun. Ó di apá ọ̀tún tán. Ó ní ó rẹ òun, òun á parí apá òsì lọ́la.

Mo ń dúró kó parí ìtàn náà. Ó ní kí Tèmi tẹ orí ẹ̀ síbí.

Àádọ́ta ọdún tí mo fẹ́ẹ̀ pé láyé, mi ò gbọ́ ọ rí. Dádì Tèmi náà wà níjókòó, kò gbé fóònù.

Màámi ti padà sí Ìbàdàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ó pè mí lórí WhatsApp, a sọ ti owó, a sọ ti ẹsẹ̀ tó ń dùn ún, a sọ ti ẹni tó kú ládùúgbò. Nígbà tí mo fẹ́ gé e, ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ inú tẹlifíṣọ̀n yẹn, ṣé ó kúrò ní ọsibítù?"

Tèmi ti pa á lọ́jọ́ náà ní kété tí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jáde, bí gbogbo wa ti ń ṣe. Kò dé ibẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn orúkọ yẹn ni wọ́n ya á sí.

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọkọ̀ gbé e wá sílé. Àwọn ọmọ ẹ̀ sáré jáde pàdé ẹ̀."

Ó ní, "Ẹ̀n-ẹ́n." Ó wá ní kí n kí Tèmi, kó máa fi aṣọ bo irun ẹ̀ sùn.